Elégédé Ìyàwó Télọ̀

Elégédé kan ṣoṣo ló so lẹ́yìn ilé Télọ̀ lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Obìnrin náà ló gbìn ín, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀ pé ti pẹpẹ ìkórè ni. Gbogbo ìjọ ló gbàdúrà kó lè dìde. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi tún gbààwẹ̀ sí i. Kò dìde.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Elégédé náà wà lórí àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí láti ran bọ́tìnì.

"Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, ẹ ti wá gbà á?"

"Bàbá Télọ̀, mo wá kí yín ni."

"Irọ́ ńlá! Ojú yín ò kúrò lára rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí mo bá gbé e wá, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn tán nìyẹn. Bí n ò bá gbé e wá, mo sọ òkú di ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò san án."

Mo ní ó dàbọ̀, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ ìkórè, a ń fi orin pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú. Nígbà tó kan tiẹ̀, òun nìkan ló dìde, ó gbá elégédé mọ́yà bí ọmọ ọwọ́. Orin ò dá, ṣùgbọ́n ohùn wa lọ sílẹ̀.

"Òun ló rán mi," ló wí. Ó gbé e kalẹ̀, ó padà sórí bẹ́ǹṣì tó ṣófo.

Èmi ni mo máa ń gé ohun ìkórè pín fáwọn aláìní. Mo yọ hóró inú elégédé náà, mo sá a gbẹ, mo gbé e lọ fún Télọ̀. Ó wò ó títí.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín? Òun máa ń sọ pé bí mo bá wo ewéko lásán, á rọ."

"Èmi náà ò mọ̀ o."

"Ṣé ó máa hù?"

"Ọlọ́run á ṣe é," ni mo wí. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí mo sọ nípa ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Mo dúró kí n lè bá a ṣe àmín. Àṣé téèpù tó fi ń wọn aṣọ ló fi ń wọn ihò ilẹ̀.

"Ṣé ibí ni, àbí kó tún jìn sí i?" ló ń bi ìyàwó rẹ̀.

Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí ìdáhùn. Èmi náà dúró.