Orúkọ Tó Sọdá Odò

"Ẹ fi igi àgbáyun yẹn sílẹ̀, kí ẹ máa bọ̀," ni Màmá wí láìbojú wẹ̀yìn.

Àgbáyun ti kún ẹnu wa. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti mọ̀ pé ẹni tó bá lá àgbáyun tán, ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gógó á dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, ọsàn wẹ́wẹ́ ló sì kún àpò wa. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ewé tuntun ti yọ lára igi, àparò ń ké nínú pápá, inú mi sì dùn débi pé mo ń sáré gun òkè, mo tún ń sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé Màmá, arúgbó tí à ń tẹ̀ lé.

Ará ilé kejì wa ni ní Ìlárá. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Màmá. N kò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ títí dòní. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ sí òdì kejì bọ́dà, ó sì ti bímọ. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ náà la wà yìí. Nínú ẹbí wọn, ìyá ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Bí kò bá tíì sọ ọ́, baba ọmọ pàápàá kò gbọdọ̀ pè é ní nǹkan kan. Ìjọba sì ti ti bọ́dà, sójà kún títì. Màmá bá ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ wá sí etí odò tó jẹ́ ààlà, lẹ́yìn òkè, ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì mú àwa ọmọdé mẹ́ta dání.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi í léèrè ìdí tí a kò fi ní kúkú la odò náà kọjá, nígbà tí kò sí sójà nínú igbó.

"Wọ́n ní ká má kọjá, a ò ní kọjá," ló fèsì. "Wọn ò ní ká má sọ̀rọ̀."

Nígbà tó jókòó sinmi lórí àpáta, òun náà ní ká fún òun ní àgbáyun kan. Ó mu ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tán, ó ní ká má sọ fẹ́nì kankan.

Odò ti kún nígbà tí a débẹ̀, ó ń hó yaya. A rí ọmọ Màmá lódì kejì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Màmá pe orúkọ náà. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ sétí, ó mi orí. Màmá tún pè é lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ sì gbé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ẹ̀rù bà mí pé a máa padà sílé, kí ọmọ náà ṣì wà láìlórúkọ.

Ó wá bojú wò wá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi hóró atare sí wa lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọdé kì í sọ ọmọ lórúkọ," ló wí. "Ẹnu mi ni mo yá yín."

Ó sọ orúkọ náà sí wa létí. A pariwo, ohùn wa fọ́nká. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ kí ohùn wa lè ṣọ̀kan, a sì jọ figbe ta: "Àjọkẹ́!"

Lódì kejì, ìyá gbé ọmọ náà sókè, òun àti ọkọ rẹ̀ sì jọ dáhùn pé, "Àjọkẹ́!" Ọkọ rẹ̀ ń ju ọwọ́, ó ń fi Faransé kígbe ọpẹ́, "Mẹ̀sí, Màmá! Mẹ̀sí o!"

Màmá ń jó nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwa níhìn-ín, àwọn lọ́hùn-ún," ló ń wí, "a jọ máa kẹ́ ẹ ni."

Olùkọ́ ni mí báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí rẹ́jísítà, tí mò ń pe orúkọ ọmọ olọ́mọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ń pariwo jù. N kì í jiyàn. N kò lè gé orúkọ ọmọ kankan kúrú, n kò sì lè kùn ún sínú. Mo máa ń pè é ketekete, bí ẹni pé ẹnìkan wà lókèèrè tó ti fi ọwọ́ sétí, tó ń dúró dè é.