Ọpẹ́ Ife Kejì

Mo ti mọ họ́kì kí n tó mọ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín o. Ti orí koríko ni, èyí tí àwa ọmọbìnrin máa ń gbá nílé ìwé wa n'Íbàdàn. Ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta la gba ife, mo sì ti ròyìn ife yẹn fún ọmọbìnrin mi títí ó fi lè ròyìn rẹ̀ fún mi padà. Nítorí náà, nígbà tó di aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Ta ni ì bá jọ, bí kò bá jọ mí?

Àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Ìlú Clinton ní ìpínlẹ̀ Maryland là ń gbé, mo sì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Cheverly. Ní ọdún kejì ọmọ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹgbẹ́ wọn gba ife-ẹ̀yẹ. Ariwo ta! A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden. Ìdánwò ò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá, nítorí náà èmi ni mo gbé fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́, tí mo jó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ìyá ìjọ tí wọn ò fojú kan ọ̀pá họ́kì rí di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú eré náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kí wa láìbéèrè ife kejì. Àwọn òyìnbó tó ń wá wòran náà ò sàn jù wá lọ. Bàbá kan wà tó máa ń gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Nígbà tí wọn ò tíì gba nǹkan kan, bí wọ́n bá ta ọ̀mì lásán, á pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi pọ́n. Lẹ́yìn ife, wọ́n fi góólù méjì borí, ó ń mi orí: "Only two?" Inú bí mi sí i gan-an, àmọ́ kí n má parọ́, èmi náà ti ń rò ó lọ́kàn pé méjì kéré.

Ohun tí èmi ṣe tilẹ̀ burú ju tirẹ̀ lọ. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá alùfáà wa, mo ní kí wọ́n kọ Sunday kan ní ìparí November sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ife kejì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà. Èmi ń dúpẹ́ oore ọ̀la. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìn, ọmọ mi sì rí i.

"Mummy, tá a bá lose ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"I'm serious, ma. Game yẹn ò dùn mọ́ mi mọ́. Tí mo bá gbọ́ second cup lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa quit."

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò dárúkọ ife kejì mọ́, àmọ́ mi ò yọ Sunday náà kúrò.

Wọ́n dé ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, lọ́sàn-án Sátidé kan tí òtútù mú. Àwọn ìyá ìjọ mẹ́jọ bá mi lọ, méjì nínú wọn ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ ọsibítù. Mi ò rí aṣọ́lé tó ṣe bí ọmọ mi ti ṣe lọ́jọ́ náà rí. Ó fi ẹsẹ̀ gbà á, ó fi àyà gbà á, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó tún dìde. Ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí eré parí ni ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó tán. Bàbá ọjọ́sí ti ká àga rẹ̀ kí fèrè tó dún.

Ọmọ mi ṣí akoto. Ó bọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́, ó sì sọ nǹkan kan fún èyí tó gbá a wọlé, tí ìyẹn fi rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, orí mi wú. Mo sáré bá a.

"Má dààmú, mo máa ní kí wọ́n yọ thanksgiving yẹn."

"Ṣé Sunday tó ń bọ̀ ni?"

"Òun ni."

"Ẹ má yọ ọ́. Mo ń bọ̀."

Ó wá lóòótọ́. Nígbà tí alùfáà na gbohùngbohùn sí i, ó dojú kọ gbogbo ìjọ, ó sọ ọ́ ní Yorùbá rẹ̀ tó máa ń kọsẹ̀: "A ò gba cup. Ṣùgbọ́n mo gbá a dáadáa. Ẹ ṣé tí ẹ wá." Ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ ló kọ́kọ́ dìde, tí wọ́n jó lọ pàdé rẹ̀, àwọn yòókù sì tú jáde tẹ̀ lé wọn. Èmi ò lè jó. Ẹkún ni mo ń sun.

Bí mo ṣe ń fi mọ́tò gbé ọmọ mi bọ̀ wálé ní ọ̀nà Route 5, mo jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé èyí tí a gba ife n'Íbàdàn, a pàdánù. Ìdí ọ̀pá mi ni wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi nà wá. Lọ́jọ́ kejì tí gbogbo ilé ìwé péjọ, mo ní inú ń run mí, mo lọ fara pamọ́ sí yàrá aláìsàn.

"Ẹ̀yin náà lose?" Ó yíjú sí mi. "Ṣé ẹ tún gbá a lẹ́yìn ìyẹn?"

"Rárá. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀pá họ́kì mọ́ láyé mi."

Iná pupa dá wa dúró. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Èmi máa gbá a next year," ó ní.