Kásẹ́ẹ̀tì Orí Tẹlifíṣọ̀n Mummy Bọ̀dé

Kò sí oyè tó ga ní Thamesmead, ní London, láyé ìgbà yẹn tó oyè ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, àwa tí a sá kúrò ní Monrovia, nígbà ogun Làìbéríà, là ń jókòó níwájú. Bí ẹnì kan bá jẹ́rìí pé ọta ìbọn méjì fò kọjá létí òun, mẹ́ta ni ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gba ẹ̀rí náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ogun gan-an kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, Daddy Bọ̀dé, aládùúgbò mi, ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbọn dún, a rò pé òrùlé ni wọ́n ń kàn. Nígbà tó yá, ìrẹsì tán, a jẹ ewé ẹ̀gẹ́. A sá dé ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀, tó ń bínú sí Nàìjíríà nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ti ń dá èèyàn dúró. Ọ̀gágun kan na ìka sí Daddy Bọ̀dé níwájú mi, ó ní, "Ọmọ Nàìjíríà nìyẹn. Ẹ mú un." Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ògiri. Mo wo ilẹ̀. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, agbẹjọ́rò kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, wá sí fláàtì Mummy Bọ̀dé, ìyàwó olóògbé, ní Barnfield, ní Woolwich. Wọ́n ti gbé ilé-ẹjọ́ àgbáyé kalẹ̀ fún ogun ilẹ̀ mìíràn. Ó ń kó ẹ̀rí jọ bóyá tiwa náà á dé. Ó ní ẹni tó pàṣẹ ni irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá jù, àti pé ẹni náà yóò ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, tí yóò ṣa ọ̀rọ̀ wa bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Mo sọ ti ìka yẹn fún un. Ó kọ ọ́.

"Ṣé ó tó?" Mummy Bọ̀dé bi í.

"Ó tó, Mummy. Ṣùgbọ́n Uncle nìkan ló rí i, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé."

Mummy Bọ̀dé dìde, ó mú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi í sínú ẹ̀rọ. "Gbọ́ eléyìí náà. Uncle Táyé ṣàlàyé dáadáa níbẹ̀."

Ohùn mi jáde: "Mo pe orúkọ Jésù, ọ̀gágun yẹn kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, 'Èèyàn Ọlọ́run, èmi kọ́ ni mo rán wọn.'" Ìjọ ń pàtẹ́wọ́.

Agbẹjọ́rò gbé bírò sílẹ̀. "Uncle, èwo ni kí n kọ?"

"Èyí tí mo sọ fún ẹ."

"Lawyer ọ̀gágun yẹn máa play kásẹ́ẹ̀tì yìí ní court, wọ́n á ní irọ́ lẹ ń pa. Ó wà ní gbogbo Woolwich."

Mummy Bọ̀dé pa ẹ̀rọ náà. "Ó kúnlẹ̀ àbí kò kúnlẹ̀?"

"Kò kúnlẹ̀, Mummy."

Mummy Bọ̀dé kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́, títí dòní. Mo ti fi àwọn tó ń fi kún ẹ̀rí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Èmi náà fi kún tèmi.