Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Ò Jẹ́ Kí N Wọ̀

Òórùn òróró gíà ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn òróró gíà tó ti pẹ́ nínú irin, kó má wulẹ̀ tọrọ ẹ̀. Ó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó bá sì ta sí èèyàn láṣọ, ọṣẹ ò ràn án. Ojúde ilé wa ní Bajulaiye ni bàbá mi ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn atẹ̀wé ló wà lọ́tùn-ún lósì wa, nítorí náà òórùn yíǹkì tiwọn a tún dà mọ́ ọn. Màmá mi, tó ń bá àwọn atẹ̀wé yẹn di ìwé, máa ń sọ pé ọmọ tí àwọn bí sáàárín òórùn méjèèjì, imú ẹ̀ ò lè ṣàìsàn láéláé. Irọ́ ni o. Ọ̀fìnkìn ò fi mí sílẹ̀ títí mo fi wọ ilé ìwé girama.

Bàbá mi ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi gbogbo ohun tó wà láyé: "Kí ló máa gbé e?" Tí mo bá ní kí wọ́n fún mi lẹ́ran kejì, wọ́n á wo ikùn mi, wọ́n á ní, "Kí ló máa gbé e, Kúdí?" Tí mo bá kó gbogbo ìwé mi sínú báàgì kan ṣoṣo, wọ́n á wo ọrùn mi, ìbéèrè yẹn náà ni. Ó sú màmá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ mi nílé wa ní Ìjẹ̀bú ló yẹ kẹ́ ẹ ti bi ara yín." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n tún ní àṣà kan, èyí tó sọ mí di ẹni ńlá láàárín àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọkọ̀ yòówù tí bàbá mi bá tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọn ò ní í gbé e fún ẹni tó ni ín títí wọ́n á fi gbé mi sí i. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn, wọ́n á de bẹ́líìtì mọ́ mi láyà, a ó gba Bàríga lọ sísàlẹ̀ dé Ìlàjẹ, níbi tí ọ̀sà wà, wọ́n á ra ẹja yíyan fún mi, a ó wá gba ọ̀nà Akọ́kà padà sílé. Àwọn oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó ti màmá mi, wọ́n á máa dúró dè wá. "Ọkọ̀ tí mi ò bá lè gbé ọmọ mi sí," bàbá mi á ní, "ta ni kí n wá gbé e fún?"

Lọ́jọ́ kan ni ọkọ̀ búlúù kan wọ ojúde wa. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó lọ sílẹ̀, ó ń dán, àwọn atẹ̀wé sì yọjú wá wò ó pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Akọ́kà ló ni ín. Bọ̀ọ̀dá Yẹmí ni mò ń pè é nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ti dọ̀rẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Yẹmí níhìn-ín. Ohun tó gbé wá ni pé kí bàbá mi bá òun fi súpáṣájà sí ọkọ̀ náà. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ ọ̀hún, tó ń fún afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá, kó lè jó epo sí i, kí ọkọ̀ lágbára ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Bàbá mi ò fi irú ẹ̀ sí ọkọ̀ rí, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Yẹmí ti kà nípa ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, á máa ṣàlàyé, bàbá mi á máa béèrè, wọ́n á jọ máa jẹ ẹ̀pà. Èyí tí Yẹmí kọ́kọ́ fẹ́ ni ńlá kan tó rí nínú fọ́tò, tó máa ń yọ orí síta láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi náà fara mọ́ ọn, torí mo ti ń wò ó bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa lanu. Bàbá mi ní rárá, pé gbogbo agbára ìyẹn ń dé lẹ́ẹ̀kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kékeré ò ní í gbádùn ẹ̀. Èyí tó mọ níwọ̀n ni wọ́n fẹ́, tí agbára ẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó. Yẹmí rò ó, ó gbà. Ó dùn mí díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gíà ni wọn ò ti fẹnu kò. Bàbá mi ní agbára ẹ́ńjìnnì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe gíà yẹn fún, tí àwọn bá wá fi kún agbára, kí ló máa gbé e? Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ wá gíà tó le. Ṣùgbọ́n Yẹmí àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ràn ọkọ̀ fẹ́ pàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ó sì ti fọ́nnu fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ló ń sọ, "ẹ bá mi gbé súpáṣájà sí i ná, ká ṣe gíà tó bá yá." Bàbá mi kì í ṣe alágídí. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Wọ́n gbé e sí i.

Sátidé tí ọkọ̀ yẹn máa jáde, aṣọ iléyá mi ni mo wọ̀. Kò sẹ́ni tí mi ò tíì sọ fún níléèwé. Bàbá mi ṣáná sí ọkọ̀, súpáṣájà ń hu fíìn bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọn ò tíì da ata sí, ara mi ń yá gágá. Mo dé ìdí ilẹ̀kùn, mo nawọ́. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà.

"Kúdí, dúró lọ́dọ̀ màmá ẹ."

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Mo wo ojú wọn, kò séré níbẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé. Mo bú sẹ́kún, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo sunkún débi pé àwọn atẹ̀wé pa ẹ̀rọ wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tó kú. Màmá mi ní, "Ẹ sì gbé ọmọ lọ, kí ló dé?" Bàbá mi jókòó síbi ìwakọ̀, wọ́n ń tún dígí ṣe.

Yẹmí ti di ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì mú, ó fẹ́ wọlé. Òun náà mọ àṣà yẹn, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí níbi tí wọ́n ti gbé mi lọ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní, "Bàbá, ṣé Kúdí ò lọ ni?"

"Kò lọ."

"Kí ló dé?"

Bàbá mi wò ó. "Èmi ti dàgbà, màá wà á. Ẹ̀yin náà ti dàgbà, ẹ wọlé tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí gíà yìí tó kí n gbé ọmọ sẹ́yìn ẹ̀."

Yẹmí wo èmi tí ikun ń ṣàn sórí aṣọ iléyá mi. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ gba ojú wíńdò, ó pa ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. "Ẹ tú gíà yẹn, Bàbá," ló sọ, ó sì lọ jókòó.

Kò lọ síbi ìpàdé Sọ́ńdè yẹn. Iṣẹ́ gíà gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ lè máa retí kí n sọ pé nígbà tí wọ́n tú gíà àtijọ́, wọ́n bá ibi tó ti sán níbẹ̀. Kò síbi tó sán. Eyín ẹ̀ pé, ó mọ́ lóló. Bàbá mi nù ún, wọ́n ní gíà náà ò ṣẹ̀ wá o, iṣẹ́ tó ju tiẹ̀ lọ la fẹ́ gbé fún un. Wọ́n rí gíà ọkọ̀ kan tó jẹ́ ìran kan náà ṣùgbọ́n tó wúwo ju tiwa lọ ní ọjà Ládìpọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Kò bá ẹ́ńjìnnì mu, nítorí náà ọkùnrin kan ní Bàríga tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ló bá wọn gbẹ́ àwo irin kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ sí i, wọ́n fi irin tó ki gbé agbára lọ sí táyà, wọ́n tún wá rédíétọ̀ kékeré kan tó ń mú kí òróró gíà tutù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mò ń kí bàbá mi láàárọ̀, mò ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ojú mi bá tiwọn. Wọ́n mọ̀. Wọn ò bá mi wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti iléèwé dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tó dọ̀tí, ilẹ̀kùn ọkọ̀ búlúù ti ṣí sílẹ̀. "Wọlé," bàbá mi ní. Wọ́n de bẹ́líìtì mi, wọ́n fà á wò, wọ́n tún fà á. Yẹmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tá a dé ibi tí ọ̀nà ti tọ́, tí kò séèyàn, bàbá mi tẹ iná, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó, mo sì ń retí ìgbà tí gíà máa gbọn wá nù bó ṣe máa ń rí nínú àwọn ọkọ̀ yòókù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní í yí gíà ni?"

"Ó ti wà ní gíà kẹrin, Kúdí," Yẹmí ló dáhùn, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti èéfín ẹja wọlé bá wa ní Ìlàjẹ, mo sì dárí ji gbogbo wọn.

Bí mo ṣe rí nígbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n bá gbé sọ́kọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Mo ti bímọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, iléèwé ọmọbìnrin mi fẹ́ kó wọn lọ sí ìrìnàjò, mo yí ká bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá, táyà ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kí ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀. Bá a ṣe wọlé ló bú sẹ́kún. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì jágbe mọ́ ọn. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn ẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sunkún, inú mi sì ń dùn pé ilé ló ti ń sunkún.