Nítorí Pé Ọkùnrin Ni Ọmọ Náà

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Fegge láti ìgbà tí òwò aṣọ ọkọ mi ti gbé wa wá sí Onitsha. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ó ti sú mi láti máa rò, síbẹ̀ mi ò yé rò ó.

Olùkọ́ ìṣirò wa fipá bá ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan lò. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà sọ̀rọ̀, àwọn òbí ya wọ ọgbà, ọlọ́pàá dé, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú ọkùnrin náà lọ. Ẹ̀wọ̀n ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ó tọ́ sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni aládùúgbò mi kan, ọmọ Igbo tó ń ta edé ní Relief Market, wọlé tọ̀ mí wá. Kò lè jókòó. Ó ní olùkọ́ obìnrin kan níléèwé wa ti ń pe ọmọkùnrin òun lọ sílé rẹ̀, ó sì ti bà á jẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin ìjọ́sí ni ọmọ náà. Kì í jẹun mọ́.

"Nne, ìyá mi, jọ̀ọ́, tẹ̀ lé mi lọ bá ọ̀gá yín."

A lọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Màdámù, ọkùnrin kúkú lọmọ yín. Kí ló bọ́ lára ẹ̀? Obìnrin yẹn lọ́kọ, ó lọ́mọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká da ilé onílé rú."

Mo ní, "Sà, olùkọ́ ìṣirò náà láya, ó lọ́mọ."

Ó gbé fóònù rẹ̀.

Ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹnìkan ní orí ló bá ọmọ náà ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀rín àwọn obìnrin ló bà mí nínú jẹ́ jù.

A mú ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọkùnrin bí ìwọ! O ò lè sá ni?"

Ọmọ náà fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní káwọn máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ní Asaba. Ó ń lọ síléèwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ó máa ń pẹ́ kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ obìnrin náà parí sáà rẹ̀ níléèwé wa. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ra kéèkì, ó lọ.

Lọ́dún yìí mo rí i ní Upper Iweka, tó ń to àwọn ọmọ iléèwé mìíràn sínú bọ́ọ̀sì. Mo dá aṣọ iléèwé wọn mọ̀. Mo wá ọ̀gá wọn lọ, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá bi mí pé,

"Ẹ má bínú o, ṣé ìjà wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì ni?"

Mo ní rárá. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Fegge.