Àgbò Tó Gbá Bọ́ọ̀lù fún Lagos Town

Ọdún kejì tí Gáná gba òmìnira ni ìròyìn jáde láti ọjà Màkólà pé àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, tó ń gbé àdúgbò Lagos Town ti sin odindi àgbò láàyè sí ìdí òpó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀ onírin. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi lè nà wọ́n láti ìgbà Iléyá. Kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó dé etíkun, àgbò ti di mẹ́ta, wọ́n sì ti ń ké lábẹ́ ilẹ̀.

Múdàṣírù ni ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Abọ́ tánganran ló ń tà ní Màkólà, ó sì ga débi pé bí òjò bá ń bọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Abena tó ń ta kẹ́ńkéè, ẹ̀kọ àwọn ará Gáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi.

“Ei, Alata! Àgbò tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀ lẹ lọ fi sínú ilẹ̀?”

“Ọwọ́ wa la fi ń nà wọ́n, Abena.”

“Ọwọ́ yín kọ́, ìwo àgbò ni!”

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ó mọ ohun tí Abena ò mọ̀. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òpó bọ́ọ̀lù méjèèjì tó wà lágbàlá àdúgbò ni gbogbo Lagos Town ń so àgbò mọ́. Lọ́dún yìí, òórùn èèpo iṣu ń fẹ́ wá láti ilé ìdáná Ìyá Sẹ̀kínátù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá náà, làwọn àgbò bá ń fa okùn síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, títí òpó fi wọ́, tí apẹ̀rẹ̀ sì dorí kodò bí ìyàwó tuntun. Àgbàlá yìí nìkan ló ní sìmẹ́ńtì, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù ọdún náà. Àlejò á ju bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ kí apẹ̀rẹ̀ wà. Lagos Town á jù ú síbi tí àgbò gbé e sí.

“Àdìgún,” ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá a, “ṣé àwa la mọ̀ ọ́n gbá, àbí àgbò?”

“Ṣebí apẹ̀rẹ̀ kan náà làwọn náà ń jù sí? Ẹni tó yó kì í bi odó léèrè bó ṣe gún iyán.”

“Ilé baba ẹni lèèyàn ti ń ṣe akin. Ó di ìta ká tó mọ̀.”

Ìta ọ̀hún dé. Pápá iléèwé kan lódìkejì ìlú ni wọ́n gbé ìdíje ife sí, òpó ibẹ̀ sì nàró bíi sójà. Múdàṣírù ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ sínú ìkòkò kẹ́ńkéè Abena, tó wá tajà létí pápá. Ó ju èkejì, ó tún fò kọjá. Gbogbo èrò bá figbe ta: “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Ohùn Abena ló ròkè jù.

Òógùn bo Múdàṣírù. Gbogbo ọdún ń yọ́ lọ lójú rẹ̀ bí òrí nínú oòrùn.

“Àdìgún, ẹ má jù ú láti òkèèrè mọ́! Ẹ sáré gbé e dé ìdí rẹ̀!”

Ni wọ́n bá ń sáré. Wọ́n ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n ń ta á síra wọn bí iṣu gbígbóná, títí bọ́ọ̀lù fi ń dé ọwọ́ Múdàṣírù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ni Lagos Town fi ju àwọn alátakò lọ nígbà tí fèrè ìparí dún. Múdàṣírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, èémí tó ti há sí i láyà láti ìgbà Iléyá.

“Alihamudulilahi. Àwa ni.”

Nígbà tó máa fi dé Màkólà lọ́jọ́ kejì, Abena ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé wọ́n hú àgbò náà, wọ́n lọ tún un sin síléèwé. Múdàṣírù dúró síwájú ìkòkò kẹ́ńkéè, ó wúkọ́.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ẹnikẹ́ni ò sin àgbò. A so wọ́n mọ́ òpó ni, wọ́n sì fà á wọ́. Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tá a ti jẹ nílé, ẹ fún àgbò ní ìdajì. Ṣùgbọ́n ti àná, tiwa ni, kò sí àgbò kankan níbẹ̀. A ti jẹ wọ́n tán nígbà Iléyá. Ìwọ náà jẹ níbẹ̀, Abena. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé itan kan wá fún ọ.”