Ẹjọ́ Tí Adájọ́ Kò Dá

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Màmá Fáìlì ti ń tọ́jú ìwé ní kóòtù, kò sì sí ẹni tó tún rántí orúkọ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Adájọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò ń pè é bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ pàápàá, tó ń tún aago ṣe níwájú ilé wọn, máa ń sọ fún oníbàárà pé Màmá Fáìlì ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn: fèrèsé méjì, tábìlì kan, àkàbà onígi kan tó ń dún bí ẹni ń ráhùn, àti pẹpẹ mẹ́rìnlélógún tó ga kan àjà. Bí o bá dárúkọ ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò ní í wo ìwé kankan. Á gun àkàbà, á nawọ́, á sì fa fáìlì náà yọ. Àwọn akọ̀wé kékeré máa ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá sọnù ní kóòtù yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi í ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo wà tí kò sọ fún ọ̀gá kankan. Òfin iṣẹ́ ni pé gbogbo ẹjọ́ tó bá ti parí, ì báà jẹ́ èyí tí adájọ́ dá tàbí èyí tí àwọn oníjà fúnra wọn parí, kí wọ́n tò ó papọ̀, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n láti ọdún kẹta tó débẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé ẹjọ́ tí adájọ́ bá dá kì í sùn. Lónìí, ẹni tó pàdánù fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù. Lọ́la, agbẹjọ́rò kan fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá bá ara wọn parí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ó ti tán náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Kí ló wá dé tí òun á fi máa gun àkàbà kiri wá ẹjọ́ tó jí láàárín ẹjọ́ tó sùn? Díẹ̀díẹ̀ ló kó àwọn tó sùn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga tó ti yẹ̀ sí, ó fi okùn funfun dì wọ́n, ó sì tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ọ̀gá mẹ́ta ló fẹ̀yìn tì láì mọ̀. Ìkẹrin ni Akọ̀wé Àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Ìwé-Ló-Wí, nítorí kò jẹ́ ṣí fèrèsé láì kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé òfin iṣẹ́ sọ nípa fèrèsé. Ó ku oṣù mẹ́rin kí Màmá Fáìlì náà fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kí lẹ́tà ìbáwí bá òun lọ sílé.

Àkókò yìí ni ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì pẹ̀lú lẹ́tà àṣẹ àti ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Òfin àti ètò ọrọ̀ ajé ló kà papọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ọlọ́jà ṣe ń wo ọjà ni òun ṣe ń wo òfin: kí ni ẹni tó lọ sí kóòtù ń fi sílẹ̀, kí ló ń rí gbà, ṣé èrè wà níbẹ̀? Ẹjọ́ àwọn aládùúgbò ló wá wò: ariwo ẹ̀rọ, èéfín, omi òrùlé ẹnì kan tó ń ṣàn sára ògiri ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Màmá Fáìlì ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, nígbà tó rí i pé ó ń dá fáìlì padà síbi tó ti mú un, tó sì ń kọjú nọ́ńbà rẹ̀ síta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, iṣẹ́ parí, ọmọbìnrin náà sì ka àbọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹjọ́ igba ó lé mẹ́rìnlá ló yẹ̀ wò. Nínú mẹ́wàá, olùpẹ̀jọ́ ń pàdánù mẹ́jọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí aládùúgbò ń yọ lẹ́nu kàn ń fi àkókò ṣòfò ni bó bá lọ sí kóòtù. Ó ti kọ ọ́ sókè ìwé náà pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò kà á níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, orí rẹ̀ ni wọn yóò sì dúró lé láti pinnu bóyá wọn á dá a dúró síṣẹ́ tàbí kó máa lọ.

Màmá Fáìlì kí i kú iṣẹ́, ó sì yára wá nǹkan tò. Ó rántí káfíńtà kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru lójú oorun ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì náà kó ìwé wá: ọjọ́, wákàtí, ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Bí káfíńtà ṣe rí ìwé yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. Kí adájọ́ tó wọ aṣọ rẹ̀ tán, wọ́n ti gbà pé ẹ̀rọ kò ní í dún títí aago méjì á fi lù, káfíńtà á sì fi pákó tó nípọn bo ògiri. Ó tún bá a kan ilẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni fáìlì wọn wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tọ́ gedegbe kì í sábà dé iwájú adájọ́, torí ẹni tó ń bá a jà á ti tètè rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn tó ń débẹ̀ ni olóríkunkun méjì tó pàdé, tàbí olùpẹ̀jọ́ tí kò ní ju ẹnu lásán lọ.

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi jábọ́.

“Ìyá àwọn ọmọ, aago mẹ́wàá ló wà lórí tábìlì mi, gbogbo wọn ló ti kú. Ṣé kí n wá sọ pé kò sí aago tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ láyé?”

“Ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ lọ sọ gan-an nìyẹn.”

“Má dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Ìwọ lo kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pamọ́ fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, Ìwé-Ló-Wí á kọ lẹ́tà. Ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kó kọ ọ́, òun á máa kà á sí i létí láràárọ̀ títí á fi máa pa á lẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ṣílẹ̀kùn.

“Kí ni gbogbo èyí, Mà?”

“Ẹjọ́ tí adájọ́ kò dá. Ti àwọn aládùúgbò nìkan, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì ni. Ọmọ mi, mo ti ṣẹ̀ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó yẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Nígbà tó máa ṣíjú, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ká ní òun lọ ka ti iwájú nìkan lọ́jọ́ Ẹtì ni, yẹ̀yẹ́ tí wọn ì bá fi òun ṣe kò ní í kéré. Ó sì ti ń tú okùn àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n yàrá ìgbálẹ̀ ni yàrá náà nínú ìwé Akọ̀wé Àgbà, àlejò ò sì gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Màmá Fáìlì gun àtẹ̀gùn lọ bá a, ó jẹ́wọ́ láì fi ọ̀kan pe méjì. Ìwé-Ló-Wí yọ ìwé òfin, ó ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ nọ́ńbà ẹjọ́ kan sórí pépà, ó ní kó lọ mú un wá. Màmá Fáìlì mú un dé kí ọ̀gá tó nu dígí ojú rẹ̀ tán.

“Ìwé ní kí ẹjọ́ wà níbi tí a ti lè tètè rí i,” ló wí. “Èyí yá. Ẹ̀ṣẹ̀ yín, Màmá, kì í ṣe pé ẹ kó wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ni pé ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kó kọ ojú ewé méjì lórí ètò náà, òun á sì fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀ wá yọjú, ó rí fáìlì kan tó dagun, ó tò ó. Ó tún rí òmíràn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń pe nọ́ńbà, ọmọbìnrin náà ń kọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kà á tán. Nínú ẹjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá ara wọn parí, olùpẹ̀jọ́ rí ohun tó bá wá, tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nínú mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe ro tiwájú pọ̀ mọ́ tẹ̀yìn, àwọn tó rí nǹkan gbà lé ní ìdajì. Ọmọbìnrin náà fẹ́ pa òwe òkè ìwé rẹ́, ṣùgbọ́n Màmá Fáìlì ní kó fi í sílẹ̀, kó kàn fi kún un pé òwe náà ò mẹ́nu kan ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá Fáìlì jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin náà kàwé rẹ̀ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan, tí gbogbo olùkọ́ ń bẹ̀rù ìbéèrè rẹ̀, dìde. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé irú ẹjọ́ báwọ̀nyí wà, pé wọ́n máa ń ṣòro kó jọ. Ibo ló ti rí wọn? Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bi Màmá Fáìlì léèrè irú èrò tó darí rẹ̀ tó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó dìde, ó kí gbogbo ilé.

“Orúnkún mi ni, sà. Àkàbà yẹn ga.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ná kí òun náà tó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó tíì ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ ń náni fún òun tó yé òun tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó pín tíì, wọ́n ti fẹnu kò pé kí ọmọbìnrin náà dúró síṣẹ́.

Ní ibùdókọ̀, ìbéèrè mìíràn ni ọmọbìnrin náà tún gbé dé. Àwọn tó jà, tí wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn láì dé kóòtù rárá ńkọ́? Màmá Fáìlì ní ìyẹn ò sí lórí pẹpẹ kankan, ilé dé ilé ni yóò rìn. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀.

“Ilé ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, Mà?”

Ó ní kó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dé ná. Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n wọlé, kí wọ́n sì tó dé ibùdókọ̀ kejì, Màmá Fáìlì ti ń ka àwọn ilé tó mọ̀ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọmọbìnrin náà sì ń kọ.